Kí Ni Ìwé Náà Wí? Ẹ̀kọ́ Lórí Àkàyé Nínú Gbogbo Iṣẹ́ Kíláàsì

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ ẹ̀kọ́ kan wá, ó dá wa lójú pé ìwàásù ni wọ́n ń retí. Ìwàásù kọ́ ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlùfáà ni ó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni. Ọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí ó ń kàwé, tí ohùn rẹ̀ ń dún ketekete, ṣùgbọ́n tí ohun tí ó ń kà kò yé e.

Ìtàn ìsọ̀ ìyá wa

Bẹ́yẹrúnká ni ilé wa wà, ìyá wa sì ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba, ní ìsàlẹ̀ òkè Mapó. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ẹ̀bá títì gan-an, níbi tí ẹni tí ń ti Bẹẹrẹ bọ̀ àti ẹni tí ń ti Mapó sọ̀ kalẹ̀ yóò ti rí i. Ìyá wa kò mọ̀wé. Nínú owó èlùbọ́ náà ni ó ti ń san owó ilé ìwé wa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí a wà ní fọ́ọ̀mù kìíní, wọ́n mú ìwé kan wá sí ìsọ̀ rẹ̀ láti ọ́fíìsì kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyá wa fi ìwé náà sábẹ́ aṣọ títí a fi dé láti ilé ìwé, ó sì ní kí a kà á. A dìde dúró, a kà á bí olùkọ́ wa ti kọ́ wa: a dákẹ́ níbi àmì ìdánudúró, a gbé ohùn sókè níbi tí ó yẹ. Àwọn ìyá tí ó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ pagbo yí wa ká. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí mà gbọ́ Òyìnbó o!" Inú wa dùn, orí wa wú.

Nígbà náà ni ìyá wa béèrè pé, "Ó dára, ọmọ mi. Kí ló wí?"

A kò mọ ohun tí ó wí. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó di ojú ọ̀nà mọ́ wa nínú ìwé náà: "failing which" àti "forfeit". A pè wọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ wọ́n. Ojú sì ń tì wá láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn wá. Nítorí náà a dáhùn pé, "Wọ́n ní kí ẹ máa tọ́jú ìsọ̀ yín dáadáa ni, Màámi." Ohun tí ìwé náà wí gan-an ni pé kí olúkúlùkù onísọ̀ mú rìsíìtì owó tí ó ti san wá kí ọjọ́ báyìí tó kọjá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìsọ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Rìsíìtì wà nílé, nínú agolo. Ọjọ́ pé, ó kọjá. Ìsọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìyá wa sì ta èlùbọ́ lábẹ́ oòrùn ní ẹ̀bá títì Bẹẹrẹ fún bí ọdún méjì kí ó tó rí ibòmíràn.

Kò bá wa wí. Kò tilẹ̀ sọ ọ́ mọ́, àfi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ tí a fi wá joyè àlùfáà. Ó dì mọ́ wa, ó wí pé, "Bí o bá ń ka Bíbélì fún wọn, máa sọ ohun tí ó wí." A kò gbàgbé. Ìbéèrè ìyá wa yìí ni a gbé ẹ̀kọ́ òní kà.

Ìbéèrè náà ti pẹ́

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Nínú orí kẹjọ ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́stélì, ìjòyè ará Etiópíà kan jókòó nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń ka ìwé wòlíì Àìsáyà. Ẹni ńlá ni, ó mọ̀wé, ohùn rẹ̀ sì jáde tí Fílípì fi gbọ́ ọ. Síbẹ̀ Fílípì kò yìn ín fún kíkà. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ohun tí ó ń kà bá yé e. Ìjòyè náà kò purọ́ bí àwa ti purọ́ ní Ọjà'ba. Ó jẹ́wọ́ pé kò lè yé òun àfi bí ẹnìkan bá tọ́ òun sọ́nà, ó sì ní kí Fílípì gòkè wá jókòó ti òun. Nínú orí kẹjọ ìwé Nehemáyà pẹ̀lú, nígbà tí a ka ìwé òfin sí etígbọ̀ọ́ àwọn ènìyàn, àwọn ọmọ Léfì kò fi mọ sí kíkà nìkan. Wọ́n là á yé wọn, tí àwọn ènìyàn náà fi mọ ohun tí a kà.

Ẹ wo ohun mẹ́ta tí Fílípì ṣe. Ó béèrè. Ó jókòó ti ẹni tí ń kàwé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ibi tí ẹni náà wà nínú ìwé. Bí olùkọ́ bá lè ṣe ohun mẹ́ta yìí, yálà Ìṣirò ni ó ń kọ́ wọn tàbí Ìtàn, ó ti di olùkọ́ àkàyé.

Bí ìwé ṣe dé ìlú wa

Àwa ọmọ Ìbàdàn ní ìdí pàtàkì láti bìkítà nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1853 ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, tí Ẹgbẹ́ CMS rán wá, fi ìlú yìí ṣe ibùgbé ní Kúdẹtì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé nínú ilé wọn. Lára àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tí a fi lé Anna Hinderer lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Yéjídé. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ Yejide Girls' Grammar School ní Kúdẹtì títí di òní. Ìwé tí àwọn ọmọ wọ̀nyí fi kọ́ bí a ti ń kàwé jẹ́ ìwé èdè Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe làálàá lé lórí, títí odindi Bíbélì Yorùbá fi parí ní ọdún 1884. Bí ọmọ bá ka ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu, etí rẹ̀ gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kíkà àti yíyéni jọ ń rìn pọ̀.

Láti inú ilé yẹn ni Samuel Johnson ti dìde, ọmọ ilé ìwé Kúdẹtì tí ó di olùkọ́ àti pásítọ̀, tí ó sì kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Ní ọdún 1911, Isaac Babalola Akinyele, ẹni tí ó di Olúbàdàn ní ọdún 1955, tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde. Ní ọdún 1913, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alexander Babatunde Akinyele, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù nígbẹ̀yìn, bẹ̀rẹ̀ Ibadan Grammar School. Àwọn tí ìwé yé ni wọ́n, nítorí náà wọ́n lè kọ ìwé fún ẹlòmíràn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́yìn náà ni pé kíkà àti yíyéni pínyà. Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìwé, a sì rò pé ẹni tí ó bá lè pe Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé fún gbogbo ọmọ, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà ayé Olóyè Obafemi Awolowo bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé fún ọmọ tálákà. Àwa pẹ̀lú gba ẹnu ilẹ̀kùn náà wọlé. Ṣùgbọ́n kí a wọ inú kíláàsì yàtọ̀ sí kí ìwé wọ inú wa.

"Ṣé ó yé yín?"

Gbogbo wa tí a ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ni a mọ orin yìí. Olùkọ́ á béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Kíláàsì á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ó yé wa, sà!" Ẹni tí ó yé ń dáhùn, ẹni tí kò yé ń dáhùn, ẹni tí ó ń sùn náà jí, ó sì dáhùn. Olùkọ́ a pa pátákó rẹ́, a sì lọ.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Dolores Durkin, lọ jókòó sínú àwọn kíláàsì láti wo bí àwọn olùkọ́ ṣe ń kọ́ ọmọ ní àkàyé. Ó rí i pé àkókò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ bí a ti ń lóye ohun tí a kà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń dán àwọn ọmọ wò: wọ́n á ní kí wọ́n kà, wọ́n á béèrè ìbéèrè, wọ́n á fún wọn ní máàkì. Ìdánwò ni èyí, ẹ̀kọ́ kọ́. Ẹni tí ó ju ọmọ sínú odò Ògùnpa láti mọ̀ bóyá ó lè wẹ̀ kò tíì kọ́ ọ ní odò wíwẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, ní ọdún 1975, ìgbìmọ̀ tí Sir Alan Bullock ṣe alága rẹ̀ gbé ìròyìn kan jáde tí ó tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀rọ̀ èdè àti ìwé kíkà kì í ṣe ẹrù olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Olùkọ́ Kẹ́místìrì ń fi èdè kọ́ni, olùkọ́ Ìtàn ń fi èdè kọ́ni. Ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀nà tí a gbà ń kà á, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò fi ọ̀nà náà han ọmọ bí kò ṣe àwọn fúnra wọn.

Ọ̀nà márùn-ún tí ó yẹ kí a máa tọ̀

*Èkínní: kí a tú ohun tí ọmọ ti mọ̀ jáde kí ó tó kàwé.* Ní ọdún 1988, Donna Recht àti Lauren Leslie fún àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Amẹ́ríkà ní àyọkà nípa eré baseball. Àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé kà púpọ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ eré náà lóye àyọkà ju àwọn ọ̀jáfáfá tí kò mọ eré náà lọ. Ẹ fún ọmọ Ọjà'ba ní àyọkà nípa bí a ṣe ń bọ iṣu, tí a ń sá a, tí a ń lọ̀ ọ́ di èlùbọ́: yóò yé e kíákíá. Ẹ fún un ní àyọkà nípa yìnyín tí ó bo títì ní ìlú Òyìnbó, òwúsúwusù ni yóò máa rí. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó ní kí wọ́n ṣí ìwé, kí ó ka àkọlé, kí ó fi àwòrán hàn wọ́n, kí ó sì béèrè pé: "Kí ni ẹ ti mọ̀ nípa èyí? Kí ni ẹ rò pé ìwé yìí yóò wí?" Ìṣẹ́jú márùn-ún tó.

*Èkejì: kí olùkọ́ ronú sókè kí àwọn ọmọ gbọ́.* Àwọn ọmọ kì í rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn ẹni tí ìwé yé. Wọ́n rò pé ó kàn yé e lásán ni. Kí olùkọ́ ka ìpínrọ̀ kan, kí ó dúró, kí ó wí pé: "Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi. Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn. Hẹn-ẹ́n, ìlà kejì ti ṣàlàyé rẹ̀." Bí olùkọ́ bá lè jẹ́wọ́ pé ìlà kan ṣòro, ọmọ náà á lè jẹ́wọ́. Ìtìjú ni ó gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ìyá wa, kì í ṣe àìmọ̀ nìkan.

*Ẹ̀kẹta: kí a pín iṣẹ́ fún àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì.* Ní ọdún 1984, Annemarie Palincsar àti Ann Brown ṣàlàyé ọ̀nà kan tí ó ti ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ láti ìgbà náà. Iṣẹ́ mẹ́rin ni òǹkàwé tí ó gbọ́n ń ṣe: ó ń sọ ohun tí ó rò pé ó ń bọ̀, ó ń béèrè ìbéèrè, ó ń tú ohun tí ó rújú, ó sì ń sọ ohun tí ó ti kà ní ṣókí. Olùkọ́ á kọ́kọ́ ṣe é níwájú wọn, lẹ́yìn náà á fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Bí ọmọ bá pọ̀ jù ní kíláàsì, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín: ọmọ mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì kan, iṣẹ́ kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ní ìpínrọ̀ tí ó tẹ̀lé e, kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́. Abéèrè kì í ṣìnà, ọmọ tí ó bá sì ti mọ bí a ti ń béèrè lọ́wọ́ ìwé kò ní ṣìnà nínú ìwé.

*Ẹ̀kẹrin: kí ọmọ fi èdè tí ó gbọ́ sọ ohun tí ó kà.* Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A", Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yìí kò kẹ́yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́. A kò wí pé kí ilé ẹ̀kọ́ gíga wa pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò. Ohun tí a ń wí ni pé, lẹ́yìn tí ọmọ bá ka ìpínrọ̀ kan ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó yíjú sí ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sọ ohun tí ó wí ní Yorùbá, kí ó tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìdáhùn. Bí kò bá lè sọ ọ́ ní Yorùbá, kò tíì yé e. Kí a má fi ìyà jẹ ọmọ fún ohun tí ó yẹ kí a yìn ín fún.

*Ẹ̀karùn-ún: kí ọmọ kọ́ láti jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an.* Àjọ WAEC máa ń gbé ìròyìn àwọn olórí olùyẹ̀wò jáde. Ẹ̀sùn kan tí kì í tán nínú ìròyìn náà ni pé àwọn ọmọ ń ṣí gbólóhùn kúrò nínú àyọkà bí ó ṣe wà, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, pàápàá níbi tí a ti ní kí wọ́n sọ ọ́ ní ṣókí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán láti Bẹẹrẹ lọ sí Agbeni kì í ka gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Kókó iṣẹ́ náà ni ó ń jẹ́. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí a máa sọ fún wọn pé: "Ẹ pa ìwé dé. Ìwé rán yín níṣẹ́. Ẹ jẹ́ ẹ." Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà ní pípadé kò lè ṣí gbólóhùn kankan.

Bí ó ṣe rí nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan

*Ìṣirò.* Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń pè ní òpè Ìṣirò kò ṣòpè ìṣirò rárá. Ìbéèrè ni kò yé wọn. Ẹ wo èyí: "Obìnrin kan ra aṣọ 12 ní ₦1,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ jèrè ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Èló ni yóò ta ẹyọ kan?" Ọmọ tí ń sáré yóò kọ́kọ́ fi 12 sọ 1,500 di púpọ̀, nítorí pé ó rí nọ́ḿbà méjì. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni a béèrè: ₦1,800 ni ìdáhùn, 12 kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ọmọ yìí kan náà yóò dáhùn kíákíá bí a bá rán an lọ sí ìsọ̀. Tàbí kí ìbéèrè wí pé Bísí ní ọsàn 15, èyí tí ó fi 6 dín sí ti Ṣadé. Ọmọ rí "dín", ó yọ 6 kúrò, ó ní Ṣadé ní 9. Ìwé sọ pé ti Bísí ni ó dín. Nítorí náà 21 ni ti Ṣadé. Kí olùkọ́ má gba ìdáhùn kankan kí ọmọ tó sọ ohun tí ìbéèrè wí.

*Sáyẹ́ǹsì.* Ìṣòro ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ rò pé òun mọ̀. Ní ilé, tábìlì ni "table". Nínú Jọ́gíráfì, "water table" ni ibi tí omi dé lábẹ́ ilẹ̀, èyí tí ó ń mú kí kànga jìn tàbí kí ó má jìn. Nínú Báyọ́lọ́jì, gbòǹgbò ni "root". Nínú Ìṣirò, ohun mìíràn ni. Nínú Físíìsì, alábàárù tí ó gbé ẹrù lórí tí ó dúró sójú kan kò ṣe "work" lórí ẹrù náà, bí òógùn tilẹ̀ bò ó. Ọmọ ìjọ Àgùdà tí ó gbọ́ "mass" lè máa ronú nípa ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi. Kí olùkọ́ mú irú ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ ní ilé, lẹ́yìn náà kí ó kọ́ wọn ní ìtumọ̀ rẹ̀ ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ gígùn pẹ̀lú, kí a fọ́ ọ bí ìṣù ẹmu tí kò ṣeé gbé mì: "photo" jẹ mọ́ ìmọ́lẹ̀, "synthesis" jẹ mọ́ kíkó nǹkan pọ̀ di ọ̀kan. Ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣàlàyé ara rẹ̀.

*Ìtàn.* Ìwé Ìtàn kò béèrè pé "Kí ló wí?" nìkan, ó ń béèrè pé "Ta ló wí i, ibo ni ó sì dúró sí nígbà tí ó ń wí i?" Samuel Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí, òun pẹ̀lú sì kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Bí ọmọ wa bá ń kà nípa ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí ó sì parí ní ọdún 1893, kí olùkọ́ béèrè pé: "Bí ọmọ Èkìtì bá ni ó kọ ìtàn yìí, ṣé báyìí ni ì bá ti kọ ọ́?" Ọmọ Ìbàdàn tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn láìbínú ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó ju ti ìdánwò lọ.

*Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba.* Kí a fi ọ̀rọ̀ kéékèèké hàn wọ́n. Nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ibi tí ó bá ti wí pé "shall", dandan ni. Ibi tí ó bá wí pé "may", ààyè ni a fún ẹni náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn.

*Ẹ̀kọ́ Bíbélì.* Àwa àlùfáà ni ẹ̀bi ibí yìí kàn. A ń yin ọmọ tí ó bá ka ẹsẹ ogún lórí láìbéèrè ohun tí ẹyọ kan nínú rẹ̀ ń wí. Àkọ́sórí dára, ó ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wa la àfonífojì já. Ṣùgbọ́n àkọ́sórí jẹ́ irúgbìn nínú àká. Bí a kò bá gbìn ín, kò ní hù. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, ohun mẹ́ta ni wọ́n kọ́ wa láti béèrè lọ́wọ́ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan: Kí ló wí? Kí ni ó túmọ̀ sí fún àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ? Kí ni ó fẹ́ kí a ṣe? Ọmọ fọ́ọ̀mù kìíní lè béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin òbí

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ má kàn béèrè pé, "Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ?" Ẹ ní kí ọmọ ka ojú ìwé kan, kí ó pa á dé, kí ó sọ ohun tí ó wí fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀wé, ẹ má rò pé ẹ kò ní ipa. Ìyá wa kò mọ "a" yàtọ̀ sí "b", síbẹ̀ òun nìkan ni ó béèrè ìbéèrè tí ó tọ́ lọ́jọ́ náà. Gbogbo àwọn tí ó gbọ́ wa ń yìn wá. Òun ń wá ìtumọ̀. Ohun tí ó ṣẹ́ kù nìkan ni pé kí ọmọ mọ̀ pé bí òun bá dáhùn pé "Kò yé mi", wọn kò ní fi òun ṣẹ̀sín. Ẹ fi ọkàn ọmọ yín balẹ̀ lórí èyí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fún àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde

Ní gbogbo àjọ̀dún ni a ń dá owó jọ fún ilé kíkọ́, fún àga àti fún kọ̀ǹpútà. Ó dára, ẹ má jẹ́ kí ó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n a ń gbé àbá kékeré kan kalẹ̀ tí kò ní náni lówó púpọ̀: kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa tí ó wà ní Ìbàdàn fi wákàtí kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan, bí àwọn olùkọ́ bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì mú ìwé tí a ń kó sínú páálí oògùn wá, kí lọ́yà mú ìwé àdéhùn ilé gbígbé wá, kí oníṣòwò mú ìwé báńkì wá. Kí àwọn ọmọ kà á, kí wọ́n sọ ohun tí ó wí. Irú ìwé wọ̀nyí ni ayé yóò gbé lé wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn WAEC, kò sì sí olùyẹ̀wò kankan tí yóò fún wọn ní máàkì ààbọ̀ lórí rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nílé àti ní ìpàdé òbí pẹ̀lú olùkọ́

1. Nígbà wo ni a gbọ́ ọ gbẹ̀yìn kí ọmọ wa wí pé, "Ìwé yìí kò yé mi"? Bí a kò bá gbọ́ ọ rí, kí ló fà á?
2. Nínú iṣẹ́ wo ni ọmọ wa ti ń kùnà? Ṣé iṣẹ́ náà ni kò mọ̀ ni, tàbí ìbéèrè rẹ̀ ni kò yé e?
3. Kí ni a lè fi rọ́pò "Ṣé ó yé yín?" ní kíláàsì àti ní ilé?
4. Ìwé wo ni a fọwọ́ sí rí láìjẹ́ pé ó yé wa, kí ni ó sì ti ibẹ̀ jáde?

Ìyá wa ti lọ sinmi. Ìsọ̀ tí ó wà ní ẹ̀bá títì Ọjà'ba yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹlòmíràn ni ó ń tajà nínú rẹ̀. Bí a bá ti ń ti Mapó sọ̀ kalẹ̀, a máa ń wò ó, a sì máa ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa lónìí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn ka ìwé tí yóò ba ilé wọn jẹ́ láìmọ̀ pé òun ń kà á. Kí Ó fún àwọn olùkọ́ wọn ní sùúrù Fílípì, ẹni tí ó jókòó ti òǹkàwé títí ó fi yé e. Àmín.